Vape àkọ́kọ́ fún ẹni tó fẹ́ jáwọ́ sìgá: ṣé èyí tí ò ní nikotíìnì ló dáa jù?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 34 ni mí, mò ń wa mini-cab ní London níbí. Ó ti tó ọdún 12 tí mo ti ń mu sìgá, bíi 15 lójúmọ́. Ìyàwó mi ti lóyún báyìí, mo fẹ́ jáwọ́ ńbẹ̀ kí ọmọ tó dé. Mi ò mọ nǹkan kan nípa vape, sìgá oníbátìrì yẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun lè bá mi ra èyí téèyàn lè fà ní ìgbà 20,000 kó tó jù ú nù, ó ní kí n ṣáà rí i pé 0mg ni, ìyẹn èyí tí ò ní nikotíìnì rárá, torí nikotíìnì ló ń fa jẹjẹrẹ. Èwo ni kí n mú, ti máńgòrò àbí ti wọtamẹ́lọ̀n?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o kú iṣẹ́, Ọlọ́run á sọ ìyàwó ẹ kalẹ̀ láyọ̀ o. Ti máńgòrò àti wọtamẹ́lọ̀n, màá débẹ̀ tó bá yá, òun kọ́ ni nǹkan. Apòògùn ni mí, ẹ̀yìn káńtà kẹ́míìsì ni mo máa ń wà ní gúúsù London, mo sì wà lára àwọn tó ń bá èèyàn ṣe é kí wọ́n lè jáwọ́ sìgá. Ìbéèrè tó o bi mí yìí, àfi bíi pé gbogbo yín jọ kọ ọ́ ni, kò sí ọ̀sẹ̀ tẹ́nì kan ò ní bi mí.

Kí n tètè sọ èyí ná: ẹni tó ń mu sìgá ni mò ń dá lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ò mu sìgá rí, tó jẹ́ pé ẹ rí i lẹ́nu ọ̀rẹ́ yín ló wá ń wù yín, kò sí vape àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ bá yín yàn, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 18, òfin ò tiẹ̀ gbà kí wọ́n tà á fún un. Ó tán.

Ọ̀rẹ́ ẹ yẹn ńkọ́, ó fẹ́ kó bá ẹ. Láti 1 June 2025 ni wọ́n ti fòfin de títa vape ajùnù káàkiri UK, àtèyí tó ní nikotíìnì àtèyí tí ò ní. Ẹni tó bá ń tà á báyìí, abẹ́ káńtà ló ti ń tà á, ẹni tó bá sì ń tajà abẹ́ káńtà, ta ló bá ẹ yẹ ohun tó rọ sínú ẹ̀ wò? Òfin níbí ni pé táńkì vape tó ní nikotíìnì ò gbọdọ̀ gbà ju 2ml lọ, ìgò omi tí wọ́n ń rọ sí i ò gbọdọ̀ ju 10ml lọ, nikotíìnì inú ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 20mg nínú 1ml. Àwọn ajùnù ayé ìjelòó tí wọ́n máa ń kọ 600 sí lára, ìyẹn iye ìgbà téèyàn lè fà á, 2ml yẹn náà ló wà nínú wọn. Ìwọ wá ṣírò ẹ̀, omi mélòó ló máa wà nínú ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní wàá fà nígbà 20,000? Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù vape, ẹni tí ò bá wo ara páálí dáadáa máa ra èyí tí inú ń run.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú gan-an, pé nikotíìnì ló ń fa jẹjẹrẹ. Ta ló kọ́ yín léyìí gan-an? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀, mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan, mo kàn ń wò ó ni.

Nikotíìnì ló ń so èèyàn mọ́ sìgá, mi ò jiyàn ìyẹn. Òun ló ń jẹ́ kó o jí láàárọ̀ kó o máa wá páálí sìgá kó o tó wá bọ́rọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń jẹ́ kí ọkàn sáré, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru díẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń fa jẹjẹrẹ tó ń pa àwọn tó ń mu sìgá. Èéfín ni. Tó o bá ti ṣáná sí ewé tábà, ohun tó ń tibẹ̀ jáde ju 7,000 kẹ́míkà lọ, bíi 70 nínú wọn la sì mọ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ọ̀dà wà níbẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró. Káábọ́ọ̀nù mọnọ́sáídì náà wà níbẹ̀, ìyẹn ò sì ṣàjèjì sí ọmọ Nàìjíríà kankan, afẹ́fẹ́ tí ò lóòórùn tó máa ń jáde lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ ni, èyí tí wọ́n á gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ torí olè, wọ́n á ti ilẹ̀kùn sùn, ilẹ̀ á mọ́, kò ní sẹ́ni tó máa jí nínú ilé. Díẹ̀díẹ̀ irú afẹ́fẹ́ yẹn lò ń fà sára nígbà 15 lójúmọ́, tí ìyàwó ẹ tó lóyún bá sì jókòó tì ẹ́, òun àti ọmọ inú ẹ̀ náà ń jẹ nínú ẹ̀.

Vape ò jó nǹkan kan. Wáyà kékeré kan ló wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kọ́ìlì, bátìrì á mú un gbóná, á sọ omi di ooru, ìwọ á fa ooru yẹn. Kò séwé níbẹ̀, kò sí eérú, kò sí ọ̀dà. Mi ò ní kò léwu o! Kẹ́nikẹ́ni má lọ wí pé àǹtí apòògùn ní vape dà bí omi kànga. Omi tí wọ́n fi adùn sí ni wọ́n ń mú gbóná, nǹkan bíi mélòó kan tí kò yẹ kó wọ ẹ̀dọ̀fóró ń bá a wọlé, ó kéré jọjọ sí ti sìgá ṣùgbọ́n kì í ṣe òdo. Kò tíì pẹ́ tó láyé náà, ọdún 2003 ni ará China kan tó ń jẹ́ Hon Lik, apòògùn bíi tèmi tóun náà ń mu sìgá, ṣe èyí tó jọ tòní jáde, torí náà kò tíì sẹ́ni tó ti fi ogójì ọdún fà á ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tí ò mu sìgá pé kó má sún mọ́ ọn. Ìwọ tó o wà nínú iná tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tìẹ yàtọ̀.

Ó tún ku ìbéèrè kan tẹ́nikẹ́ni kì í dá mi lóhùn: tó bá jẹ́ nikotíìnì ló ń fa jẹjẹrẹ, kí wá là ń tà nínú kẹ́míìsì látọjọ́ yìí? Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá, nikotíìnì ni. Ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n ń jẹ kí wọ́n lè fi sìgá sílẹ̀, nikotíìnì ni. Aláboyún tó ń mu sìgá tó fẹ́ jáwọ́, NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, máa ń fún òun náà ní èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mára, pẹ̀lú àbójútó o, kì í ṣe kó lọ dá a rà fúnra ẹ̀.

Mo rántí bọ̀ọ̀dá kan, bíríkìlà ni, ó wọlé wá lọ́jọ́ Monday kan pẹ̀lú símẹ́ńtì lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò. Ó ti ra vape 0mg, ti máńgòrò bíi tìẹ náà, ó ti ń fà á fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ wa, o máa di èémí mú fún sẹ́kọ́ńdì 15, o máa wá fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́ sínú páìpù páálí kan, á sọ bí káábọ́ọ̀nù mọnọ́sáídì inú ẹ ṣe pọ̀ tó. Ẹni tí ò mu sìgá kì í tó 10. Tiẹ̀ ka 22. Mo wojú ẹ̀, òun náà wojú mi, ó ki ọwọ́ bọ àpò òsì, vape jáde, ó ki ọwọ́ bọ àpò ọ̀tún, páálí sìgá jáde. Ó ní, «Àǹtí, ẹ má bínú, vape yẹn kì í yó mi ni.» Báwo ló ṣe máa yó o? Ara ń bèèrè nikotíìnì, ìwọ ń fún un ní afẹ́fẹ́ máńgòrò. Mo gbé e kúrò lórí 0, mo fi í sórí 20mg, èyí tó ga jù tófin gbà, sìgá sì kúrò lẹ́nu ẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó tún fẹ́ ẹ: 3. Nikotíìnì wà lára ẹ̀ bámúbámú o, 3 ni ẹ̀rọ kà.

Èmi nìkan kọ́ ló rí i bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń kó ìwádìí jọ ní Cochrane ti sọ ọ́ léraléra pé vape tó ní nikotíìnì ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti jáwọ́ ju èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mára àti ṣingọ́ọ̀mù lọ.

Ibì kan wà tí wọ́n tún ti ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí mú, lára páálí. Òmíì á kọ 2%, òmíì á kọ 20mg. Àwọn èèyàn á sáré mú 2%, wọ́n ní ó kéré. Ọ̀kan náà ni! 2% ni 20mg nínú 1ml. Ṣùgbọ́n tí àna ẹ bá mú òmíì bọ̀ láti Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ 5% sí, 50mg nìyẹn, jọ̀ọ́ dá a padà fún un.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ṣebí vape pa èèyàn ní Amẹ́ríkà ní 2019. Ó pa wọ́n lóòótọ́, 68 ló kú kí wọ́n tó dákẹ́ kíkà ní oṣù kejì 2020. Omi igbó tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fà, epo fítámì E ni wọ́n fi là á. Torí náà ẹni tó bá ní kó o fa omi igbó tóun pò nílé, sá.

Ó yá, kí lo máa rà. Pod kékeré tó ṣeé rọ omi sí tó sì ṣeé ṣáàjì, kì í ṣe ràgàjì tó ń tú ìkùukùu bí ẹni ń dáná ìnáwó. Bèèrè èyí tí wọ́n ń fà bíi sìgá, tó máa kọ́kọ́ dúró lẹ́nu kó tó sọ̀kalẹ̀, kọ́ìlì ẹ̀ máa wà ní bíi 1 ohm tàbí kó kéré sí i díẹ̀. Kò yẹ kó ju £25 lọ, àwọn kan ò tó bẹ́ẹ̀. Omi ẹ̀, mú nic salt, ìyẹn irú nikotíìnì tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ha èèyàn lọ́fun, kí wọ́n kọ 50/50 sí i lára, ìyẹn ìdajì PG tó ṣàn, ìdajì VG tó ki, torí èyí tó bá ki jù kì í tètè wọ kọ́ìlì kékeré. Ìgò 10ml, kó ní ìkìlọ̀ lára, kó ní ìwé pélébé nínú, kí ìdérí ẹ̀ jẹ́ èyí tọ́mọdé ò lè ṣí. Ìjọba ti ní láti 1 October 2026 owó orí £2.20 máa gorí 10ml kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ náà kò lè tó owó sìgá.

Tó o bá rọ omi sí i tán, gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo bẹ̀ ẹ́. Òwú inú kọ́ìlì gbọ́dọ̀ mu omi yó, tó o bá fà á lójú ẹsẹ̀ á jó, á máa rùn bí ìrẹsì tó jó mọ́ ìdí ìkòkò, ìwọ á wá ní vape ò dáa, wàá padà sídìí sìgá. Má fà á bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ já sílẹ̀, fà á jẹ́jẹ́ fún sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta mẹ́rin. Wàá húkọ́ lọ́jọ́ mélòó kan, ẹnu á máa gbẹ, mu omi. Tórí bá ń fò ẹ́ tàbí tó bá ń rìn ẹ́ bí èébì, o ti fà jù, gbé e sílẹ̀ ná. Má ṣáàjì ẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí. Tó o bá ń lọ sílé ní December, inú báàgì ọwọ́ ni o máa fi í sí, kì í ṣe inú àpótí tó ń lọ sísàlẹ̀ báàlù. Kó o sì wá ibi gíga fi omi ẹ̀ sí kọ́mọ náà tó dé, májèlé ni fọ́mọdé tó bá gbé e mì, 999 ni wàá pè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo oògùn, ẹ dúró ńbẹ̀. Ẹni tó ń lo clozapine tàbí olanzapine fún àìsàn ọpọlọ, tàbí theophylline fún ikọ́ fée, kó sọ fún dókítà ẹ̀ kó tó jáwọ́ sìgá, torí èéfín sìgá (èéfín ni o, kì í ṣe nikotíìnì) ló ń mú kí ẹ̀dọ̀ máa tètè pa oògùn yẹn run, téèfín bá dáwọ́ dúró oògùn á pọ̀ jù lára. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń gún insulin náà kó máa yẹ ṣúgà ẹ̀ wò dáadáa. Ẹni tí àìsàn ọkàn ń bá fínra, tàbí tó lóyún, kó wá rí wa lójúkojú, ohun tí mo kọ síbí yìí ò tó fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ń ta àgbo ìfọ̀dọ̀fóró lórí WhatsApp, ẹ máa rọra. Ohun téèyàn bá gbé mì, ikùn ló ń lọ, kò sí ọ̀nà tó máa gbà dé ẹ̀dọ̀fóró lọ fọ ọ̀dà. Àbúrò, má náwó síbẹ̀. Ní England níbí, ọ̀pọ̀ council ló ní ibi tí wọ́n ti ń ran èèyàn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan tiẹ̀ máa fún ẹ ní vape àkọ́kọ́ yẹn gan-an láìgba kọ́bọ̀. Wọlé sí kẹ́míìsì àdúgbò ẹ kó o bèèrè.

Máńgòrò àbí wọtamẹ́lọ̀n? Èyí tó bá wù ẹ́, ra ìgò méjì, èyí tó bá sú ẹ, yí sí ìkejì. Kó o tó náwó ṣá, dá mi lóhùn kan: láàárọ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó tó o bá jí lo máa ń tan sìgá àkọ́kọ́? Tí kò bá tíì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, 20mg ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá dìgbà tó o ti wẹ̀, tó o ti jẹun, tó o ti gbé èrò méjì, a lè gbìyànjú 10mg wò.