"Má Ra Igi, Òkè Ni Kí O Rà": Kí Ni Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Yìí Lẹ́nu Àwọn Gbẹ́nàgbẹ́nà Japan?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ló mú kí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Japan máa sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ tẹ́ńpìlì kò gbọdọ̀ ra igi, òkè ni kó rà, àti bóyá ọ̀rọ̀ náà ṣì wúlò fún àwọn tó ń kan àga àti tábìlì lóde òní.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó rárá. Ó wà lára ẹ̀kọ́ àfẹnusọ tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tẹ́ńpìlì Hōryū-ji, ní agbègbè Nara, fi ń lé ọmọ wọn lọ́wọ́, Nishioka Tsunekazu (1908–1995), tó jẹ́ olórí wọn, ló sì sọ ọ́ di mímọ̀ fún aráyé. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí oníṣẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibi tí igi gbé hù kí wọ́n tó gé e, kó lè mọ ohun tí afẹ́fẹ́ àti oòrùn ti fojú rẹ̀ rí. Igi orí òkè àti ti ìdajì òkè, tí ìjì ti ń gbá láti kékeré, a máa le, òun ni wọ́n sì fi ń ṣe òpó àti ìtì tó gbé ilé dúró. Èyí tó hù ní àfonífojì ni wọ́n ń fi ṣe iṣẹ́ inú ilé. Igi ìhà gúúsù òkè a máa yọ ẹ̀ka púpọ̀, kókó ara rẹ̀ a sì pọ̀, nítorí náà ìhà gúúsù tẹ́ńpìlì ni wọ́n ń nà án ró sí. Bí igi kan bá ní ìwà àtilọ́ sí òsì, wọ́n á fi èyí tó ń lọ́ sí ọ̀tún tì í, kí agbára èkíní lè pa ti èkejì. Abájọ tí bàbá àgbà Nishioka fi rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, kó lè kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tó ń hu igi.



Nígbà tí Nishioka darí àtúnkọ́ ilé gogoro ìwọ̀-oòrùn ní tẹ́ńpìlì Yakushi-ji, èyí tó parí ní 1981, Taiwan ni wọ́n ti kó igi hinoki (irú igi sípírẹ́sì kan) ńláńlá wá, nítorí pé irú rẹ̀ ti tán ní Japan. Ó mọ̀ pé igi a máa súnkì bó ti ń pẹ́, ó sì jẹ́ kí ilé náà ga díẹ̀ ju èkejì rẹ̀ àtijọ́ tó wà ní ìlà-oòrùn lọ, kí gíga wọn lè dọ́gba tó bá yá.

Ní ti òde òní, kò sí oníṣẹ́ àga tó lè ra òkè, ṣùgbọ́n èrò náà ṣì wà láàyè. Ní 1942, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn ọmọ Japan ibẹ̀ sí àgọ́ ìhámọ́, George Nakashima, ọ̀kan lára wọn tó wá di olókìkí oníṣẹ́ àga, bá Gentaro Hikogawa, gbẹ́nàgbẹ́nà tó kọ́ṣẹ́ ní Japan, pàdé ní àgọ́ Minidoka ní Idaho, ó sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, odindi gẹdú ni Nakashima ń rà, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń sọ bí wọn yóò ṣe là á. Bí pákó bá sán, kì í gé ibẹ̀ dànù: á gbẹ́ igi kékeré kan bí labalábá, á tẹ̀ ẹ́ bọ inú pákó náà kó dábùú ojú ibi tó sán, á sì fi sílẹ̀ kí gbogbo ẹni tó bá jókòó ti tábìlì náà lè rí i.