Ìbéèrè Yín Lórí Kọ̀ǹpútà: Áàpù Windows Tó Kọ̀ Láti Ṣí Lórí Linux

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà mi ò lè gba Windows 11, nígbà tí Microsoft sì dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, mo kó lọ sórí Linux. Áàpù kan ni mi ò lè fi sílẹ̀: ti ìṣirò owó, tí gbogbo àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà mi wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣe é ò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Mo fi Wine, tó ń jẹ́ kí áàpù Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, sórí ẹ̀rọ, áàpù náà ṣí, inú mi dùn. Nígbà tó yá, mo fi áàpù mìíràn tí wọ́n fi ń ya àwòrán ilé kún un, bí ti ìṣirò ṣe kọ̀ tí ò ṣí mọ́ nìyẹn. Ṣé kí n kúkú padà sí Windows ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì padà, ẹ má sì tíì yọ ohunkóhun kúrò. Àkọsílẹ̀ yín ló jẹ mí lógún jù. Ẹ ṣí fódà Home, kí ẹ tẹ Ctrl àti H pa pọ̀ kí àwọn fódà tó fara pamọ́ lè yọjú. Ẹ ó rí ọ̀kan tó ń jẹ́ .wine. Inú rẹ̀ ni drive_c wà, òun sì ni áàpù yín ń rí bíi C:. Ẹ ṣe àdàkọ gbogbo .wine yẹn sórí dísìkì mìíràn kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Wine ò dalẹ̀ yín. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ló ń ṣe: áàpù á ní kí Windows bá òun ṣí fáìlì tàbí kó ya fèrèsé, Wine á gba ọ̀rọ̀ náà, á sì sọ ọ́ fún Linux lọ́nà tó yé e. Kò sí Windows kankan níbẹ̀. Ọdún 1993 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, láti ọdún 1994 ni Alexandre Julliard ti ń darí rẹ̀, ó sì di oṣù Kẹfà ọdún 2008 kí wọ́n tó gbé ẹ̀dà 1.0 jáde. Mo bọ̀wọ̀ fún irú sùúrù bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ibi tí wàhálà yín ti wá ni pé, bí ẹ ò bá sọ ibi tí áàpù máa wọ̀, inú .wine kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo wọn ń kó sí. Registry (ibi tí ètò àwọn áàpù wà) kan náà ni wọ́n jọ ń lò, fáìlì DLL (àwọn fáìlì tí áàpù máa ń jọ pín lò) kan náà sì ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé áàpù kejì pààrọ̀ ohun tí ti àkọ́kọ́ gbójú lé. Kí kálukú ní fódà tirẹ̀ ni ojútùú. Fún ti ìṣirò, ẹ wọ inú fódà tí fáìlì tí ẹ fi gbé e sórí ẹ̀rọ wà, kí ẹ wá tẹ èyí sínú terminal, ìyẹn fèrèsé tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Linux:

WINEPREFIX=$HOME/.wine-isiro wine setup.exe

WINEPREFIX ló ń sọ fódà tí áàpù máa wọ̀ fún Wine. Bí fódà yẹn ò bá sí tẹ́lẹ̀, Wine á dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwọn fáìlì àkọsílẹ̀ yín nínú drive_c àtijọ́, kí ẹ ṣe àdàkọ wọn sí ibi kan náà nínú tuntun. WINEPREFIX kan náà yẹn lẹ ó máa lò nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí i. Bí ẹ ò bá fẹ́ràn títẹ àṣẹ, áàpù kan tó ń jẹ́ Bottles á bá yín ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú máòsì. Bí àwọn lẹ́tà bá wá hàn bí àpótí òfìfo, ẹ fi winetricks (irinṣẹ́ tó ń fi nǹkan kún Wine) gbé corefonts, ìyẹn àwọn fọ́ǹtì Windows, sínú fódà yẹn kan náà.

Lọ́jọ́ tó bá ṣí, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ kó àkọsílẹ̀ yín jáde sí CSV (irú fáìlì tábìlì tí ọ̀pọ̀ áàpù lè ṣí), bí áàpù náà bá gbà. Mi ò fẹ́ kí òwò yín rọ̀ mọ́ áàpù tí kò ní olùtọ́jú mọ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí. Wine máa ń fún áàpù ní Z:, gbogbo dísìkì Linux yín sì nìyẹn. Fáírọ́ọ̀sì Windows tó bá gba inú Wine wọlé lè ba ìwé yín jẹ́. Ẹ lè yọ Z: kúrò nínú winecfg, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò Wine, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò tó láti dí ọ̀nà pa, nítorí náà ẹ má ṣí fáìlì tí ẹ ò mọ orísun rẹ̀, ẹ má sì fi sudo (àṣẹ tó ń fúnni ní agbára alábòójútó ẹ̀rọ) ṣí Wine láéláé.

Bí áàpù náà bá ń béèrè kọ́kọ́rọ́ USB tó ní dírífà tirẹ̀ (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo ohun èlò), Wine lè má ràn yín lọ́wọ́, torí kì í sábà gbé dírífà Windows. Nígbà náà, Windows inú virtual machine, ìyẹn áàpù tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà yín, ló kù.

Ìbéèrè: Mac tó ní chip M1 ni mo ń lò. Ṣé Wine lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Rosetta 2, ògbufọ̀ Apple tó ń jẹ́ kí áàpù tí wọ́n ṣe fún chip Intel ṣiṣẹ́ lórí M1. CrossOver, tí wọ́n gbé ka Wine, tí ilé iṣẹ́ CodeWeavers ń tà, ni mo máa dábàá fún yín: owó ni wọ́n fi ń rà á, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti gbé sórí ẹ̀rọ, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà sì wà lára àwọn tó ń kọ Wine fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lo ti ìdánwò ọ̀fẹ́ wọn pẹ̀lú áàpù yín kí ẹ tó sanwó.