Iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ilé-ìwé kò mọ sórí fọ́ọ̀mù JAMB

Ìbéèrè: Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní Àkúrẹ́. Àwọn ọmọ JSS 2 tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ ju ọgọ́rin lọ. Bí mo bá ti kọjú sí pátákó báyìí, ariwo ti sọ. Àwọn kan ń sùn láàárọ̀ kùtù, àwọn kan ń jà. A ní olùdámọ̀ràn, ìyá jẹ́ẹ́jẹ́ kan, àmọ́ àwọn SS 3 tó fẹ́ ṣe JAMB nìkan ni mo máa ń rí lọ́dọ̀ wọn. Mo fi ọmọkùnrin kan ránṣẹ́ sí wọn ní táàmù tó kọjá, ó padà dé, kò yàtọ̀. Ṣé wọ́n lè ràn mí lọ́wọ́ lóòótọ́, àbí kí n kàn di pankẹ́rẹ́ mi mú?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ sì kú ìfaradà.

Wọ́n lè ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹ ṣe lò wọ́n ní táàmù tó kọjá. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló máa ń ṣe ọmọ tó ń yọ wọ́n lẹ́nu bí ẹni gbé jẹnẹrétọ̀ fún mẹkáníìkì: wọ́n á já a sílẹ̀, wọ́n á ní àwọn ń padà bọ̀ wá gbé e. Ọmọ yẹn jókòó níwájú olùdámọ̀ràn, ó ń ṣe "bẹ́ẹ̀ ni, mà, bẹ́ẹ̀ ni, mà", ó sì padà sórí bẹ́ǹṣì tó ti dìde, sáàárín àwọn ọ̀rẹ́ tó fi sílẹ̀, nínú ooru tó ti ń mú wọn tẹ́lẹ̀. Kí ló fẹ́ yí i padà? Inú kíláàsì yín gan-an ni ẹ ti nílò olùdámọ̀ràn.

Pé gbogbo ènìyàn sọ wọ́n di ìyá oní-JAMB kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ní 1959, àwọn sístà Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, pe àwọn òṣìṣẹ́ wá bá àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n lè yàn. Ibẹ̀ ni àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí ní Nàìjíríà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì gbé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ jáde ní 1977, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe lọ́jọ́ iwájú ló jẹ́ kí wọ́n dárúkọ olùdámọ̀ràn. Ìdí nìyẹn tí orúkọ náà fi lẹ̀ mọ́ wọn. Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ́ ní yunifásítì jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ọmọ ṣe ń dàgbà, bí ẹgbẹ́ ṣe ń darí ọmọ, bí a ṣe ń wo ìwà láì tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì yín lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ìwé àti bíírò. Ẹ má sọ fún àwọn ọmọ pé nítorí ariwo ni, ẹ má sì gbé pankẹ́rẹ́ wọlé lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, ìwà tí wọ́n ń hù níwájú àlejò nìkan ni ẹ ó rí. Kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń bọ̀ wá dá lẹ́jọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ara kì í rọ olùkọ́ bí ẹlòmíì bá jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tí ariwo ń bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Jacob Kounin, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, ya fídíò oríṣiríṣi kíláàsì, ó sì kọ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé kan ní 1970. Ó retí pé bí olùkọ́ ṣe ń báni wí ni yóò ya kíláàsì tó tòrò sọ́tọ̀ sí èyí tó dàrú. Kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí olùkọ́ ń ṣe kí ariwo tó sọ ló ṣe pàtàkì: pé ojú rẹ̀ ń ká gbogbo ibi, pé kò sí àlàfo gígùn láàárín iṣẹ́ kan àti òmíràn.

Ẹ̀yin fúnra yín ti sọ ọ́: bí ẹ bá kọjú sí pátákó ni. Ẹ kọ àpẹẹrẹ ọjọ́ náà sórí páálí ńlá nílé, kí ẹ kàn gbé e kọ́ bí ẹ bá dé. Olùdámọ̀ràn lè tún rí ohun tí ẹ kò lè rí láti iwájú. Ó wọ́pọ̀ pé ọmọ tí wọ́n ń pè ní aláriwo kò ríran rí pátákó. Ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ni, ìyẹn ń dá a lóhùn, àwọn tó wà níwájú wọn sì ń yíjú padà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ojú ni kí òbí rẹ̀ mú un lọ yẹ̀ wò. (Ẹ má sì gbára lé ìwé orúkọ aláriwo tí kápútẹ́nì kíláàsì ń kọ. Àwọn ọ̀rẹ́ kápútẹ́nì kì í sí níbẹ̀.)

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀ wọ́n fún ni ìwádìí ẹni tó ń bá ẹni rẹ́ nínú kíláàsì, èyí tí Jacob Moreno, dókítà ọpọlọ kan, mú gbajúmọ̀ láti 1934. Ìwé pélébé kan ni wọ́n á pín fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Yóò kọ orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ẹni mẹ́ta tó wù ú kí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ kíláàsì, yóò ká a, yóò fi í lé olùdámọ̀ràn lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kà á sókè. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tí ọmọ kò fẹ́. Ìbéèrè yẹn lè dá ìjà tuntun sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, olùdámọ̀ràn á fa ìlà láti orúkọ dé orúkọ lórí ìwé fẹ̀ǹfẹ̀. Ẹnu á yà yín. Ọmọkùnrin tí ẹ rò pé òun ni olórí ìpàǹpá lè jẹ́ ẹni tí gbogbo bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ gidi ṣe, kó máa gba ìwé jọ, kó máa darí ẹgbẹ́ kan. Ẹ ó tún rí ọmọ tí ẹnì kankan kò kọ. Mo ti rí ọmọbìnrin kan bẹ́ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìdànrè dé sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Gbogbo olùkọ́ ló ní ó gbọ́ràn, pé kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìdánìkanwà ló ń jẹ ẹ́. A gbé e jókòó sáàárín àwọn méjì tí òun kọ orúkọ wọn, nígbà tó fi máa di ìdajì táàmù ó ti ń nawọ́ sókè.

Ti àwọn tó ń sùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbáwí rárá. Ẹ kọ orúkọ wọn àti àkókò tí oorun ń gbé wọn lọ, fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ fún olùdámọ̀ràn. Ó lè jẹ́ ọjà ni wọ́n ń kiri títí ilẹ̀ fi ń ṣú ní Ọjà Ọba, ó lè jẹ́ ebi, ó lè jẹ́ ibà tàbí fọ̀níkú-fọ̀ládìde. Olùdámọ̀ràn ló yẹ kó pe alágbàtọ́, kó bá a sọ ọ́ ní ìtùnbí-ìnùbí. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ ni, kò lè fi í ṣe àṣírí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 wà, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ní tirẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn pín iṣẹ́ ẹgba. Mo mọ ilé-ìwé tó jẹ́ pé olùdámọ̀ràn náà ló ń na àwọn tó pẹ́ dé ní géètì láàárọ̀. Ta ni yóò wá sọ tinú rẹ̀ fún un lọ́sàn-án?

Ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu ṣá. Ìlànà ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé ogójì ọmọ ni kó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan ní girama, ẹ̀yin ní ìlọ́po méjì. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn ní kí ọmọ 250 wà fún olùdámọ̀ràn kan. Tiyín lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo fún gbogbo ilé-ìwé, kí wọ́n sì tún fi kíkọ́ni kún iṣẹ́ rẹ̀. Torí náà, ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ lọ bá ọ̀gá àgbà, kí wọ́n yọ̀ǹda àkókò kan lọ́sẹ̀ fún olùdámọ̀ràn nínú JSS 2. Ẹ tọrọ ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í jiyàn lórí wákàtí yẹn, àkókò tí agbára olùkọ́ kì í fẹ́ẹ́ ká àwọn ọmọ mọ́ sì nìyẹn.