Ọmọ mi kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Houston ni mo ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà nílé ìwé wọn, èyí tó rí bí ẹyin, tí wọ́n ń gbé máyà sáré. Mo ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ńṣe ló ń bẹ̀rẹ̀, á fi àyà kọ lu ọmọ ọlọ́mọ, á tún padà wá bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá bi í, á ní, “Mọ́mì, lineman ni mí.” Ṣé wọn ò máa rẹ́ ẹ jẹ torí pé ọmọ wa ni? — Ìyá ọmọ, Houston.

ÌDÁHÙN: Ìyá ọmọ, ẹ má bínú, mo rẹ́rìn-ín kí n tó gbé kálàmù. Ara mi ni mo fi rín. Lọ́dún tí àkọ́bí mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kan náà, ní Maryland níbí, mo di jọ̀lọ́ọ̀fù sínú kúlà, mo jókòó, mo tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù títí wọ́n fi fọn fèrè ìparí. Nígbà tó bi mí nínú mọ́tò pé, “Dádì, ṣé ẹ rí mi?” irọ́ ni mo pa. Bàbá aláwọ̀ dúdú kan tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló là mí lójú lọ́sẹ̀ kejì: “Fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ ẹ ni kó o máa wò.”

Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà aṣọ rẹ̀. Bó bá bọ́ sáàárín 50 sí 79, ẹ fi kóòṣì sílẹ̀. Òfin ló ní kò gbọdọ̀ gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù síwájú. Àfi bó bá já bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì, ìgbà yẹn ló lè dà lé e. Nínú àwọn 11 tó ń wọ pápá fún ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, àwọn márùn-ún ló ń ṣe iṣẹ́ lineman yìí, ìyẹn dídá alátakò dúró: center láàárín, guard méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tackle méjì ní ìkángun. Center nìkan ni bọ́ọ̀lù ń kàn lọ́wọ́ nígbà gbogbo, òun náà á sì yọ ọ́ láàárín itan fún quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ á tún ṣófo.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù sáré, àwọn ni wọ́n ń ti èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọ̀nà lè là fún un. Ìyẹn ṣì dáa, iwájú lèèyàn ń lọ. Èyí tó le ni ìgbà tí quarterback bá dúró, tó ń wá ẹni tó máa jù ú sí, tí ìwọ ń fi ẹ̀yìn rìn, tí géńdé kan ń já bọ̀ níwájú rẹ. Ẹ wo tackle dáadáa nígbà yẹn: ìdí á wálẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àpótí tí kò jókòó tán, ẹsẹ̀ á máa wọ́ sẹ́yìn, ọ̀kan kì í dábùú èkejì, ọwọ́ méjèèjì á wọ àyà ẹni tó ń bọ̀. Bó bá fi ìka kọ́ aṣọ onítọ̀hún, rẹfirí á ju aṣọ yẹ́lò sílẹ̀, wọ́n á dá ẹgbẹ́ rẹ̀ padà ní yáàdì 10. Bó bá mira kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀, yáàdì 5. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n pe nọ́ńbà rẹ̀ lórí gbohùngbohùn, ẹ má jó, ẹ̀ṣẹ̀ ló ṣẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1985, ní Washington, Lawrence Taylor, ọmọ ẹgbẹ́ alátakò New York Giants, fò mọ́ Joe Theismann, quarterback ẹgbẹ́ ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, kò sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láyé. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ju bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn ló ń kọ sí apá òsì. Tackle òsì ló ń bá a ṣọ́ ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí owó wọn fi pọ̀.

Ní ti “ọmọ wa”, ẹ gbọ́ orúkọ: Olumuyiwa Fashanu, tackle òsì ní yunifásítì Penn State, òun ni New York Jets mú ní ipò 11 nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL tó ń gbá a fún owó ń yan ọmọ tuntun lọ́dún 2024. Olusegun Oluwatimi, center ní yunifásítì Michigan, gba Outland Trophy ọdún 2022, ẹ̀bùn lineman tó dáa jù ní yunifásítì.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá kóòṣì jà lé lórí ni oúnjẹ. Àwọn àgbà inú iṣẹ́ yìí máa ń lé ní 300 pọ́n-ùn, ìyẹn bíi kílò 136, àwọn kóòṣì kan sì fẹ́ kí ọmọ kékeré máa sáré tẹ̀ lé e. Ẹnì kan ní kí tèmi fi 20 pọ́n-ùn kún ara kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Ìyá rẹ̀ fi iyán ṣe é, ó sì gbà. Lónìí, bó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo máa ń gbọ́ orúnkún rẹ̀ láti yàrá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ má jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Ẹ lọ sí ìkángun, lẹ́yìn òpó gọ́ọ̀lù, ẹ ó rí márààrún wọn kedere. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò nílẹ̀, ẹ kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí quarterback bá ṣì wà lórí ìdúró, ẹ pariwo orúkọ ọmọ yín. Àwọn tó kù á yíjú wò yín bí aṣiwèrè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò.