Ẹ Bi Ìyá Oníkòkò: «Kí Ló Dé Tí Ìkòkò Mi Fi Ń Bú Nínú Iná?»

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ilé amọ̀kòkò ni wọ́n bí ìyá mi sí l'Abẹ́òkúta níbí, Màmá Àgbà ṣì ń mọ ọ́n. Èmi náà kọ́ iṣẹ́ amọ̀ ní Pólì. Màmá Àgbà máa ń gún àpáàdì mọ́ amọ̀ tiwọn. Èmi ò fẹ́ ìdọ̀tí, mo máa ń sẹ́ tèmi títí yóò fi kúnná bí ògì. Àmọ́ tí a bá jọ sun ún, tiwọn á jáde, tèmi á bú gbàù. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Kí ló fà á? — Ọmọ Ìtòkú

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, àpáàdì tí o ń pè ní ìdọ̀tí yẹn ni ìdáhùn. Amọ̀ tó kúnná jù máa ń súnkì púpọ̀ tó bá ń gbẹ, omi tó kù nínú rẹ̀ kì í sì rí ọ̀nà jáde. Iná mú un, omi di ooru, ooru ń wá ibi gbà, kò rí. Gbàù náà nìyẹn. Àpáàdì ti fojú winá tẹ́lẹ̀, kì í súnkì mọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ooru ń gbà jáde. Gún un, jọ̀ ọ́, pò ó mọ́ amọ̀ rẹ, kó máa ha ọ́ lọ́wọ́ díẹ̀. Ìwọ̀n ńkọ́? Bi Màmá, ọwọ́ wọn ló mọ amọ̀ tiyín.

Ààrò ilé ìwé yín, ẹ lè máa yí iná rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Igi àti koríko ò mọ díẹ̀díẹ̀. Kí o tó tò ó síná, gbé ìdí ìkòkò kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: bó bá tutù, omi ṣì wà níbẹ̀, dá a padà sóòrùn.

Má sì torí èyí sọ ìwé rẹ nù o. Mú ogún náírà, wo ẹ̀yìn rẹ̀: Ladi Kwali, amọ̀kòkò bíi tiwa, nìyẹn. Ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tó dé ilé ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò ní ìlú tí à ń pè ní Suleja lónìí, ní 1954, ó bá ààrò òyìnbó níbẹ̀, ó lò ó. Síbẹ̀ ọwọ́ ló ṣì fi ń mọ ìkòkò rẹ̀.

Lọ jókòó ti Màmá. Gún àpáàdì fún wọn, má gbé fóònù sí wọn lójú. Ẹni tó bá ń gún un ni wọ́n máa bá sọ̀rọ̀.

Kí o sì bá wọn wo iye tí wọ́n ń tà á. Àwọn oníbàárà á ra ike láìnájà, wọ́n á dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á ní «ṣebí ilẹ̀ lẹ ti wà á». Ilẹ̀ la ti wà á lóòótọ́. Igi ìdáná ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń ro wá ńkọ́?

ÌBÉÈRÈ: Mo ra àmù tuntun lọ́jà Kútọ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń làágùn. Ṣé kí n dá a padà? — Bàbá kan ní Aṣerò

ÌDÁHÙN: Ẹ má dá a padà, bàbá. Òógùn yẹn ló ń mú omi tutù: bó ti ń bá afẹ́fẹ́ lọ, ló ń gbé ooru lọ. Ẹ gbé e sórí yanrìn níbi tí atẹ́gùn ń gbà, kí ẹ da omi àkọ́kọ́ nù. Ẹ má kùn ún lọ́dà o! Àmọ́ bó bá ń ro tó, tó, tó, ó ti sán nìyẹn. Ẹ tètè gbé e padà fún ẹni tó tà á fún yín.