Ìbéèrè Yín: SSD tí mo rà fún ìpamọ́ ń wọ́ bí ìgbín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ayàwòrán ni mí ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìwúyè, kò sí èyí tí n kì í yà. Oṣù tó kọjá ni mo ra SSD 1TB, ẹ̀rọ ìpamọ́ fáìlì, irú èyí tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà, kí n lè máa tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi sórí rẹ̀. Mo fẹ́ kó 380GB sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa lórí laptop mi, 400MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi já wálẹ̀ sí 65MB. Mo gbé e lọ sórí laptop àtijọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn kò tilẹ̀ kọjá 38MB láti ìbẹ̀rẹ̀. Iná lọ, bátìrì kú, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn àwòrán ọdún Ọlọ́jọ́ tí mo yà nígbà tí Ọ̀ọ̀ni ń lọ sí Òkè Mògún wà lára ohun tí mo ń kó, inú káàdì kámẹ́rà nìkan ni wọ́n sì wà títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ṣé kí n dá SSD yìí padà fún ẹni tó tà á fún mi? (Ayàwòrán, Lágéré)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tíì dá a padà. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà rẹ kì í ṣe SSD, káàdì kámẹ́rà yẹn ni. Má pa nǹkan kan rẹ́ lórí rẹ̀, má sì gbé e lọ sóde iṣẹ́ mìíràn títí tí àwòrán Ọlọ́jọ́ yẹn yóò fi wà níbi méjì mìíràn. Bí o bá ní láti ra káàdì tuntun lọ́sẹ̀ yìí, rà á.

Ó wá ku SSD. Àìsàn méjì ni mo rí níbẹ̀, wọn kò sì bá ara wọn tan.

Ti laptop àtijọ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yanjú, torí òun ló rọrùn. 38MB yẹn ń sọ orúkọ ara rẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n: USB 2.0 ni, irú ihò USB àtijọ́. 480 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n kọ síwèé fún un. Bí o bá pín in sí 8 kó lè di megabyte, 60 ni, ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́, 35 sí 40 ló sábà máa ń mú wá. Kò sí SSD tó lè sáré ju ihò tí wọ́n so ó mọ́ lọ. Wo inú ihò USB laptop náà. Èyí tó jẹ́ 3.0 sábà máa ń ní ahọ́n aláwọ̀ búlúù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ 9 ló wà nínú rẹ̀. 4 péré ni ti 2.0.

Wáyà náà ńkọ́? Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mayfair, bí ẹnikẹ́ni bá gbé SSD tó ń wọ́ wá, wáyà ni mo kọ́kọ́ máa ń pààrọ̀ kí n tó ṣí ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ wáyà Type-C tí a fi ń cháàjì fóònù, USB 2.0 lásán ló wà nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu wọn wọ SSD dáadáa. Èyí tó bá SSD wá nínú páálí ni kí o máa lò. Ìṣirò rẹ̀ nìyí: 380GB lórí 38MB, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta. Bó bá jẹ́ 400MB ló ń gbà látòkèdélẹ̀, ìṣẹ́jú 16 ni. Pẹ̀lú bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìyàtọ̀ yìí ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ náà á parí tàbí kò ní parí.

Ti laptop tuntun ló jinlẹ̀. Inú SSD kún fún àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó ń di iná mú. Nínú èyí tí owó rẹ̀ kò wọ́n, tí wọ́n ń pè ní QLC, bit 4 (bit ni ẹyọ ìsọfúnni tó kéré jù, 0 tàbí 1) ni wọ́n há mọ́ inú sẹ́ẹ̀lì kan, ìpele iná 16 sì ni ẹ̀rọ náà ní láti yà sọ́tọ̀ kó tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó dà bí kí a máa wọn epo sínú ife tó ní àmì 16 lára: kò ṣe é dà gììrì. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe é fi ya apá kan sọ́tọ̀ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, bit kan péré ni sẹ́ẹ̀lì ń gbà, yálà kó kún tàbí kó ṣófo, nítorí náà ó ń yára. Ẹrù tó bá dé, ibẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀ ọ́ sí; bí ilé bá ti dákẹ́, wọn á máa kó o wọ yàrá díẹ̀díẹ̀. Ìwọ wá kó 380GB dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní nǹkan bí 40GB, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún, ó sì di dandan kí wọ́n máa gbé ẹrù kọ̀ọ̀kan wọ yàrá tààrà. 65MB tí o rí nìyẹn. Hard disk àtijọ́ pàápàá lè yára jù ú lọ níbẹ̀.

Kò bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Mi ò fẹ́ràn bí wọn kì í ṣe kọ ọ́ sára páálí, torí ẹni tó fẹ́ fi tọ́jú ẹrù ńlá ló yẹ kó mọ̀ ọ́n jù. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, 340GB, á gbà ọ́ tó wákàtí kan ààbọ̀. Fara mọ́ ọn. Bí o bá sì ti kó o tán, má ṣe jẹ́ kó kún dẹ́nu: nínú ọ̀pọ̀ irú èyí, àyè tó ṣófo ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ń jáde, bó bá ti ń kún ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń kéré. Fi 150GB sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ Lightroom, ètò tí ayàwòrán fi ń tún àwòrán ṣe, lo fi ń ṣiṣẹ́, yọ fódà Previews kúrò nínú ohun tí o ń kó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni kọ̀ǹpútà ní láti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọlé, Lightroom á sì tún wọn ṣe fúnra rẹ̀. Ní ti iná tó ń lọ, má fi ọwọ́ fà á mọ́. Lórí Windows, tẹ robocopy D:\Iyawo E:\Iyawo /E sínú Command Prompt (fi orúkọ fódà tìrẹ sí i). Bí iná bá lọ, tún un tẹ̀. Á fo èyí tó ti dé pípé, á máa bá ìyókù lọ.

Kí o tó gbọ́kàn lé SSD yìí, fi H2testw, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ ẹ̀rọ ìpamọ́ wò, dán an wò. Á kọ nǹkan kún gbogbo àyè rẹ̀, á sì kà á padà láti mọ̀ bóyá 1TB ni lóòótọ́. Á gba ju wákàtí mẹ́rin lọ fún kíkọ nìkan, lọ sùn kí o fi sílẹ̀. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ní 2018, mo gba ohùn ìyá ìyá mi sílẹ̀, bó ṣe ń ki ìdílé wa láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo kó o sórí flash kan tí wọ́n pè ní 512GB, mo sì pa ti orí fóònù rẹ́. Kò tó 32GB tó wà nínú rẹ̀. Orúkọ àwọn fáìlì náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ wọ́n, kò sí ohùn. Ìyá ti lọ. Nítorí náà, bí mo bá ní kí o ṣí àwòrán ogún tàbí ọgbọ̀n láti orí SSD náà, kí o fi ojú ara rẹ rí wọn kí o tó pa ti káàdì rẹ́, jọ̀wọ́ ṣe é.

Ẹ̀dà kejì, hard disk ni kí o fi ṣe, kó má sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Iná tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì SSD máa ń jò díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá gbé e sí kọ́bọ́ọ̀dù láì so ó mọ́ nǹkan kan, pàápàá èyí tó ti gbó, tí ooru sì ń mú. Máa so tìrẹ mọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì mẹ́ta.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, 1TB ni mo sanwó fún, 931GB ni Windows ń fi hàn mí. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni? (Akẹ́kọ̀ọ́, Modákẹ́kẹ́)

ÌDÁHÙN: Rárá. Ẹni tó ṣe é ń ka báìtì 1,000 sí kìlóbáìtì kan, Windows ń ka 1,024, ìyàtọ̀ náà sì ń pọ̀ sí i ní ìpele kọ̀ọ̀kan títí dé GB. Ẹrù kan náà ni, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀.