Ọ̀mì Tó Di Ife ní Oníkan

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa dá sí i. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ wa ní Mushin, ọ̀rẹ́ mi ní Enyimba ò na Rivers United lọ́jọ́ tí líìgì bọ́ọ̀lù Nàìjíríà ti 2023 parí. Báwo ni wọ́n ṣe wá gba ife?

Àbúrò, òótọ́ lọ̀rẹ́ ẹ sọ, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Mo wà ní pápá bọ́ọ̀lù Oníkan l'Ékòó lọ́jọ́ yẹn, èpà sísun lọ́wọ́. Ọ̀mì 1-1 ni wọ́n ta. Oṣù kìíní 2023 ni líìgì ọ̀hún tó bẹ̀rẹ̀, àsìkò ò sí, ni wọ́n bá pín ẹgbẹ́ 20 sí ọ̀nà méjì. Ẹgbẹ́ mẹ́ta tó ṣíwájú níbi kọ̀ọ̀kan ló wá forí gbárí l'Ékòó. Super Six ni wọ́n pè é. Nígbà tó parí, àmì Enyimba àti ti Remo Stars dọ́gba. Wọ́n wá yọ góòlù tí wọ́n jẹ kúrò nínú èyí tí wọ́n gbá wọlé, ti Enyimba ló pọ̀ jù. Ife kẹsàn-án wọn nìyẹn.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni ìyá mi, Remo Stars ni mo wà lẹ́yìn. Mi ò lè jẹ èpà yẹn tán. Ọdún 2025 làwọn náà tó gba tiwọn.